Ẹ má forí ti ìrora rin ìrìn yẹn o, àǹtí wa

Ẹ kú àárọ̀ o, àǹtí wa láti Ìkẹ́rẹ́. Mo ka ohun tí ẹ kọ lálẹ́ àná, oorun ò kùn mí mọ́. Ẹ ní dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìdínkù ikùn (èyí tí wọ́n fi ń dín àpò oúnjẹ kù kí èèyàn lè fọn) fún yín ní kí ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ kó tó mú déètì, pé bí ẹ bá ti rìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún báyìí, ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín, á sì bọ́ sí itan. Ẹ wá ń bèèrè pé ṣé kẹ́ ẹ forí tì í ni àbí kẹ́ ẹ jáwọ́, àti pé tí ẹ bá sọ fún wọn, ṣé wọn ò ní yọ orúkọ yín kúrò.

Ẹ má forí tì í. Mo bẹ yín. Èmi forí tì í, mo sì mọ ohun tójú mi rí.

2022 ni wọ́n fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn fún èmi náà. Tíṣà ni mí l'Ádó-Èkìtì níbí, mo wọn kílò 131 nígbà yẹn, mi ò sì ga ju mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 62 lọ. Dókítà tó kọ ìrìn fún mi ò dìde lórí àga rẹ̀. Mo ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yìn ń dùn mí gan-an", kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọ̀hún, kò ní kí n dìde kí n rìn kó rí i, ó kàn ní "ẹ̀yìn á máa dùn yín ná, ẹ sanra, ẹ lọ máa rìn". Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Èèyàn lè sanra kó sì tún ní àìsàn ẹ̀yìn tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, ọ̀kan ò ní kí èkejì má sí. Ṣùgbọ́n ojú ti ń tì mí kí n tó débẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọ̀lẹ ni mí lóòótọ́.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí kí aráyé má baà wò mí. Bàtà àti omi, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ sì mọ Adó, kò sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà tí ẹ ò ní gun òkè, Èkìtì, ilẹ̀ òkìtì, tí wọ́n sọ ilẹ̀ wa kò kúkú ṣèèṣì. Apá Òkè-Ìlá ni mò ń gbà. Ọjọ́ kìíní, ó dùn mí, mo rìn ín. Ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, mo rìn ín. Mo ń sọ fún ara mi pé ìrora yẹn gan-an ni ọ̀rá tó ń yọ́. Ọjọ́ kọkànlá, ibi tí ọ̀nà ti ń ga ni nǹkan bí irin gbígbóná gba ìbàdí mi kọjá, ó gba ẹ̀yìn itan, ó dé gìgísẹ̀. Mo di òpó iná mú. Òógùn tútù bò mí, mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà. Ìyá tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá fún mi, mi ò lè jókòó, torí bí mo bá ti fẹ́ tẹ̀ báyìí, á tún gún mi. Ó fọwọ́ tó kún fún epo di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó ń ní "ẹ mí, màmá, ẹ mí", títí wọ́n fi bá mi dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, mi ò sì lè gbé ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi gbé mi wọlé bí ẹni gbé bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lórí ibùsùn. Kí n tó lè yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, màá na ọwọ́ sókè, màá di irin ojú fèrèsé mú, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí n tó fa ara mi. Tí ikọ́ bá fẹ́ mú mi, ẹ̀rù á bà mí, torí ikọ́ kan ṣoṣo tó láti mú mi sunkún. Ọkọ mi ló ń fọwọ́ sí mi lábẹ́ apá lọ sí ilé ìwẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, òun ló ń kúnlẹ̀ wọ bàtà fún mi, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa wo ojú mi. Mi ò lè gbàgbé ojú ọmọ yẹn.

Ibi tí mo tún ti ṣìṣe rèé. Ẹnì kan lọ bá mi gba oògùn ní kẹ́míìsì, wọ́n bu hóró kéékèèké sínú ọ̀rá, kò lórúkọ, mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́. Ọjọ́ kẹta ìrora ti fúyẹ́, mo ń dúpẹ́. Àṣé ebi ló ń bọ̀, mò ń jẹun lóru, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Nígbà tí mo máa fi padà débi òṣùwọ̀n, kílò mẹ́fà ti gun orí mi, nọ́ọ̀sì sì jókòó ó ń wàásù fún mi lójú èrò pé mi ò ṣe tán láti gba ara mi là. Apoògùn ọsibítù ló wá wo hóró tó kù, ó ní prednisolone ni. Ó máa ń jẹ́ kí ebi pa èèyàn, ó ń mú omi dúró sára, ó sì ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba oògùn tí kò lórúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá sì ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì o, ewu wà nínú ìyẹn náà, ẹ sọ fún dókítà kó bá yín dín in kù. Ibuprofen àti diclofenac ńkọ́, wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pàápàá wọ́n máa ń kìlọ̀ gidi nípa wọn, ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ. Paracetamol ni wọ́n fún èmi, hóró 500 mílígíráàmù, kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bèèrè tí ẹ̀dọ̀ yín bá ní ìṣòro.

Ẹni tó ń fa ẹ̀yìn, tó ń gun èèyàn lẹ́yìn mọ́lẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ to eegun, ẹ sá fún un pẹ̀lú.

Ohun tó wá ràn mí lọ́wọ́, omi ló fà á. Omi ò yọ ládùúgbò wa, àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé, mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì sínú bárò, mo ń tì í lọ síbi ẹ̀rọ omi. Mo débẹ̀ kí n tó rí i pé ẹ̀yìn ò dùn mí. Ọ̀nà tí mi ò lè fi ọwọ́ lásán rìn dé ìdajì rẹ̀! Lọ́jọ́ kejì mo tún gbé bárò òfìfo, mo wo aago, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo lọ sọ fún àwọn physio ní ọsibítù, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Ọmọdébìnrin kan ni wọ́n fún mi, ojú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n òun lẹni àkọ́kọ́ tó yẹ̀ mí wò. Ó fi òòlù kékeré kan orúnkún mi, ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ọwọ́ òun, ó bi mí bóyá mò ń mọ̀ tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí. Ó ní bí mo ṣe tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí bárò yẹn, àyè ń ṣí sílẹ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn fún àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ẹsẹ̀, tí mo bá nà ró, àyè ọ̀hún á fún. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ló rí bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń dúró níbẹ̀, tiẹ̀, tó bá tẹ̀ síwájú gan-an ló ń le sí i. Nítorí náà ẹ wo èyí tí tiyín fẹ́. Bárò òfìfo ni mo sọ, ẹ má lọ gbé omi sí i.

Bó ṣe ní kí n máa rìn rèé: ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí n jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Kí n jókòó kí ìrora tó dé, kì í ṣe ìgbà tó bá dé. Èyí ló le jù fún mi, torí ìṣẹ́jú mẹ́ta dà bí eré lójú mi, ojú sì ń tì mí. Mo fi òkè sílẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé wa ni mò ń rìn nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ, ó tẹ́jú, àga wà lápá méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ kan, màá fi ìṣẹ́jú kan kún un, ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀yìn bá bínú mi ò ní fi kún un. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó kó 30 jọ lójúmọ́, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ ni, mi ò rìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń yọ lára yín láìmọ̀, tàbí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, tí ojú abẹ́ àti ìdí bá kú tí ẹ ò mọ ọwọ́ tó bá kàn án, tàbí tí ẹsẹ̀ kò bá gbé yín mọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́, ọsibítù ni lóru ọjọ́ náà.

Ẹ bèèrè bóyá kẹ́ ẹ sọ fún wọn, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fò ó. Ẹ sọ. Wọn ò yọ orúkọ tèmi. Physio kọ lẹ́tà, mo mú un lọ, dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ gan-an l'Ékòó kà á, ó ní kí n máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa fún yín ní oògùn oorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ẹ̀yìn yín. Ìrìn yẹn kì í kúkú ṣe pé kẹ́ ẹ lè fọn kó tó dọjọ́ náà, kí èémí àti ẹsẹ̀ lè lágbára ni. Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fi iyán sílẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn, nítorí ẹ̀dọ̀ tó bo ikùn ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kó lè súnkì kí wọ́n ráyè ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ó sì rí i pé wọ́n máa gbé yín dìde rìn kíákíá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sínú ẹsẹ̀ kó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé èmi dìde. Wọ́n fún mi ní irin tí wọ́n gbé dírípù kọ́, ó ní táyà, mo di í mú, mo tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe lórí bárò, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mo sì padà. Mo sunkún, àmọ́ kì í ṣe ti ìrora.

Tí ẹ bá ń lọ sí Èkó, ẹ má jẹ́ kí dírébà sáré wọ gbogbo ihò ojú ọ̀nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ n'Íléṣà, ẹ tún sọ̀ n'Íbàdàn, ẹ na ẹ̀yìn.

Láti òní, ẹ máa kọ ìṣẹ́jú tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé, àti ibi tó gbà. Ẹ mú ìwé náà lọ bá physio. Ìkẹ́rẹ́ ò jìnnà sí Adó, tí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín lọ, ẹ kọ ọ́ síbí, ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn iléèwé ni mo máa ń ráyè.