p53 pọ̀, MLH1 kò sí: báwo ni ká ṣe ka èsì àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun ńlá yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 43. Èsì àyẹ̀wò kókó tí wọ́n gé sọ pé p53 pọ̀ gan-an níbẹ̀, pé MLH1 àti PMS2 kò sì sí rárá. Ohun tí mo ti ń gbọ́ ni pé p53 ló ń dènà jẹjẹrẹ. Ṣé kì í ṣe ohun rere ni bó ṣe pọ̀ yẹn? Kí ló sì yẹ ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o. Ọlọ́run á fún ẹ̀gbọ́n yín lálàáfíà.

Ohun tó rú yín lójú yìí rú àwọn onímọ̀ pàápàá lójú fún ọdún mẹ́wàá. Ọdún 1979 ni wọ́n rí p53, tó jẹ́ purotéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó jẹ́ pé inú kókó jẹjẹrẹ ni wọ́n ti ń bá a lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n gbà pé òun ló ń fa àrùn náà. Ọdún 1989 ni Bert Vogelstein, onímọ̀ nípa jẹjẹrẹ, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, yẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá gan-an wò. Wọ́n rí i pé nínú ẹ̀dà méjì tí sẹ́ẹ̀lì ní nínú jíìnì tó ń ṣe p53, ọ̀kan ti dànù, èyí tó kù sì ti bàjẹ́.

p53 tó pé kì í pẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ MDM2 á ti mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Ìgbà tí jíìnì bá fara gbọgbẹ́ ni p53 máa ń dúró pẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, tí á ní kí sẹ́ẹ̀lì má tíì pín, kí wọ́n tún ọgbẹ́ náà ṣe. Bí kò bá sì ṣeé tún ṣe, á ní kí sẹ́ẹ̀lì náà kú. p53 yìí kan náà ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe MDM2 tó ń lé òun lọ. Tó bá wá bàjẹ́, àṣẹ ò jáde mọ́, kò sẹ́ni tó máa lé e, á kàn máa kó jọ. Ọlọ́dẹ tó fọ́jú ni: tọ̀sán tòru ló wà lẹ́nu ọ̀nà, olè ń wọlé.

Ìdí nìyẹn tí "ó pọ̀" fi sábà máa ń túmọ̀ sí "ó bàjẹ́". "Kò sí rárá" náà lè jẹ́ ìbàjẹ́, torí ìgbà mìíràn sẹ́ẹ̀lì ò lè ṣe purotéènì náà parí. Èyí tó dára ni ká rí i wúńwún: sẹ́ẹ̀lì kan gba àwọ̀ tí lábù fi ń wá purotéènì náà, òmíràn ò gbà. Ó ju ìdajì jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí p53 ti bàjẹ́, nítorí náà òun nìkan kì í yí ìtọ́jú padà. Ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín.

MLH1 ni kí ẹ tẹjú mọ́. Òun àti PMS2 jọ ń tún àṣìṣe ṣe nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń da jíìnì kọ; bí MLH1 bá lọ, PMS2 ò lè dá dúró, ìyẹn ni wọ́n ṣe pòórá pọ̀. Nínú 100 jẹjẹrẹ ìfun ńlá, nǹkan bí 15 ni irú àìsí purotéènì atúnṣe yìí ń bá. Kì í wọ́pọ̀ kó pàdé p53 tó bàjẹ́, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Ó kan ìtọ́jú gan-an. Bí àrùn náà bá wà ní ìpele kejì, fluorouracil, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Bó bá ti tàn káàkiri, oògùn tó ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde, irú bíi pembrolizumab, lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti ọdún 2020 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ ga, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ ẹ bi dókítà yín.

Ó tún kan ẹ̀yin náà, torí ọjọ́ orí 43 kéré. MLH1 lè sọnù nínú kókó nìkan, ó sì lè jẹ́ àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní Lynch. Ẹ ní kí wọ́n yẹ jíìnì BRAF wò nínú kókó náà. Bí wọ́n bá rí ìyípadà V600E níbẹ̀, kò jọ pé àjogúnbá ni. Bí wọn ò bá rí i, kí ẹ̀gbọ́n yín ṣe àyẹ̀wò jíìnì látinú ẹ̀jẹ̀. Tó bá jẹ́ Lynch ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín náà ní in. Ìdajì-ìdajì ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní in á máa ṣe kolonoscopy, ìyẹn rọ́bà tó ní kámẹ́rà tí wọ́n fi ń wo inú ìfun, lọ́dọọdún tàbí lọ́dún méjì méjì, kí wọ́n lè yọ kókó kéékèèké kó tó di jẹjẹrẹ.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ bi lábù ní ìbéèrè kan: ṣé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dá pé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà gba àwọ̀ MLH1? Bí àwọn náà ò bá gbà á, àyẹ̀wò ló kùnà, kí wọ́n tún un ṣe. Mo ti rí èsì bẹ́ẹ̀ rí, níbi tí ẹran ara ti pẹ́ kó tó débi fọ́málínì, oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà, tàbí tí fọ́málínì ò tó. Ó yẹ kó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Kí ẹ sì ní kí wọ́n tọ́jú búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ìda ṣe, tí ẹran náà wà nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa gé èyí tí wọ́n á fi ṣe BRAF.