Script ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, kò ṣiṣẹ́ lóru: ẹ yẹ cron wò kí ẹ tó tún un kọ

Ẹ ní script (fáìlì àṣẹ) tí ẹ fi ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì ṣọ́ọ̀bù yín máa ń ṣiṣẹ́ geere bí ẹ bá fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́, àmọ́ bí ó bá di aago méjì òru tí cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní aago tí a bá dá fún un, yẹ kó ṣe é, ẹ kì í bá fáìlì kankan láàárọ̀. Ẹ ní ẹ ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlà tó wà nínú crontab yín, ìyẹn ìwé tí cron ti ń ka iṣẹ́ àti aago rẹ̀, nìyí:

0 2 * * * ./afipamo.sh > log/afipamo-$(date +%F).log

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un kọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Inú ìlà crontab yìí gan-an ni àìsàn wà, àmì % ló sì kọ́kọ́ pa á. Nínú crontab, cron máa ń sọ % di òpin ìlà, ohun tó bá sì tẹ̀lé % àkọ́kọ́ ló ń kì bọ inú àṣẹ náà bí ẹni pé èèyàn ló tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ohun tó dé ọwọ́ sh, ètò tó ń ka àṣẹ fún cron, kò ju èyí lọ:

./afipamo.sh > log/afipamo-$(date +

A ṣí àkámọ́, a ò tì í. sh á kígbe «Syntax error: end of file unexpected», á sì dúró síbẹ̀ láì tíì fọwọ́ kan script yín. Ẹ lè fi \ síwájú rẹ̀ kó di \%F, tàbí kí ẹ gbé date wọ inú script, níbi tí % kì í ti í fa wàhálà. Èyí tó kẹ́yìn ni mo fara mọ́, torí ìlà crontab tó bá kúrú ṣòroó ṣì kọ.

Kí ló wá dé tí ẹ kò fi gbọ́ igbe náà? Cron máa ń fi ohun tí àṣẹ bá sọ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni crontab bíi lẹ́tà email. Lórí ọ̀pọ̀ server Ubuntu àti Debian tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, kò sí ohun tó ń gbé lẹ́tà (MTA) níbẹ̀, cron á kàn da ọ̀rọ̀ náà nù. Ẹ tẹ èyí:

journalctl -u cron --since yesterday

Bí ẹ bá rí «No MTA installed, discarding output», ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń jáde láti ọjọ́ yìí, kò kàn sẹ́ni tó gbọ́ ni. Bí ẹ bá sì rí i pé cron kò tilẹ̀ gbìyànjú rárá ní aago yẹn, ọ̀rọ̀ aago ni, mo máa tó dé ibẹ̀. Ẹ yí ìlà náà padà báyìí:

0 2 * * * /home/oja/bin/afipamo.sh >> /home/oja/log/afipamo.log 2>&1

Ẹ kọ ọ̀nà fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí inú fódà ilé yín ni cron máa ń dúró sí, kì í ṣe ibi tí ẹ wà nígbà tí ẹ ń dán script wò. 2>&1 gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn >>; bí ó bá ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣìṣe kò ní wọ inú log. Fódà log náà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí, sh kò ní lè ṣí fáìlì, kò sì ní bẹ script lọ́wẹ̀ rárá.

Ohun kejì tó ń pa script lóru ni pé cron kò mọ ohun tí terminal yín mọ̀. Lórí Debian àti Ubuntu, PATH tó ń lò, ìyẹn àwọn fódà tó ti ń wá àṣẹ, sábà máa ń jẹ́ /usr/bin:/bin péré. Ohunkóhun tó bá wà ní /usr/local/bin, ~/.local/bin tàbí /snap/bin ti di àjèjì sí i. Àwọn kan á ní kí ẹ fi «source ~/.bashrc» sórí script. Kì í ràn án: .bashrc ti Ubuntu ní ìlà kan lókè pátápátá tó ń sọ fún bash, ètò tó ń ka àṣẹ nínú terminal, pé kó padà bí kò bá sí èèyàn nídìí terminal, PATH tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ kò sì ní jẹ́ kíkà. Inú script fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ PATH.

Kò pọn dandan kí ẹ dúró de aago méjì òru. Ẹ fi èyí ṣe bíi cron lójú ara yín:

env -i HOME="$HOME" PATH=/usr/bin:/bin /bin/sh -c /home/oja/bin/afipamo.sh; echo $?

Bí 127 bá jáde, àṣẹ kan wà tí kò rí. 126 túmọ̀ sí pé ó rí fáìlì náà àmọ́ kò láṣẹ láti ṣe é, ẹ lo chmod +x. Bí ẹ bá rí «[[: not found», dash, ètò míì tó ń ka àṣẹ, ló ń ka script tí ẹ kọ fún bash; dash ni /bin/sh lórí Ubuntu láti 2006. Ẹ rí i dájú pé #!/bin/bash ni ìlà àkọ́kọ́. Bí ó bá wà níbẹ̀ tí ó sì ń pariwo «bad interpreter», orí Windows ni wọ́n ti kọ fáìlì náà: «head -1 afipamo.sh | cat -A» á fi ^M hàn yín ní ìparí ìlà, «sed -i 's/\r$//' afipamo.sh» á sì yọ gbogbo rẹ̀.

Ibi tó bà mí lẹ́rù jù nínú script yín ni ìlà mysqldump | gzip, níbi tí mysqldump ti ń kọ dátábéèsì jáde, tí gzip sì ń fún un pọ̀. Nígbà tí a bá fi | so àṣẹ méjì pọ̀, àbájáde ti ìkẹyìn nìkan ni bash ń wò. mysqldump lè ṣubú nítorí ọ̀rọ̀ aṣínà, gzip á fún òfìfo pọ̀, á ní òun ti ṣe tán láìsí wàhálà. Fáìlì á wà, orúkọ rẹ̀ á pé, ọjọ́ á wà lára rẹ̀, àmọ́ báìtì 20 péré ni. Ẹ̀yin á máa rò pé ẹ ní ẹ̀dà títí di ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ báyìí:

#!/bin/bash
set -euo pipefail
PATH=/usr/local/bin:/usr/bin:/bin
ibi=/home/oja/afipamo
fail="$ibi/soobu-$(date +%F).sql.gz"
mysqldump --single-transaction soobu | gzip > "$fail.part"
mv "$fail.part" "$fail"
find "$ibi" -name 'soobu-*.sql.gz' -mtime +14 -delete

pipefail ló ń jẹ́ kí ìṣubú mysqldump di ìṣubú gbogbo ìlà, -e sì máa dá script dúró níbẹ̀. Ìdí nìyí tí find fi wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá: bí ẹ̀dà tuntun kò bá jáde, a kò gbọ́dọ̀ pa ti àtijọ́ rẹ́. Orúkọ .part wà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi ẹ̀dà tó dúró lágbede méjì mú fún odindi. +14 sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 15 tó pé, kì í ṣe 14.

Ọ̀rọ̀ aṣínà kò gbọdọ̀ wà lórí ìlà àṣẹ, kò sì sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ lóru. Inú ~/.my.cnf ni kó wà, lábẹ́ [client], pẹ̀lú chmod 600. Bí ẹ bá ń fi rsync gbé ẹ̀dà náà lọ sí ibòmíràn, ẹ fi -e 'ssh -o BatchMode=yes' sí i, kó lè ṣubú kíá dípò kó máa dúró de ìdáhùn tí kò ní wá.

Ní ti aago, ẹ tẹ timedatectl. Ọ̀pọ̀ server tí a ń yá wà lórí UTC (aago àgbáyé), aago méjì wọn sì jẹ́ aago mẹ́ta l'Ékòó. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù ni, tí iná ń lọ tàbí tí ẹ ń pa á bí ẹ bá ń relé, cron kì í san gbèsè: iṣẹ́ tó bá kọjá lọ ti kọjá. Ẹ gbé e sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní ṣíṣí, tàbí kí ẹ lo systemd timer pẹ̀lú Persistent=true, tó máa ń ṣe iṣẹ́ tó fò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá padà tàn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tẹ «crontab -l > ~/crontab-atijo.txt». Lẹ́tà e àti r fara kan ara wọn lórí kíbọ́ọ̀dù. Crontab -e ń ṣí i, crontab -r ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láì bi yín léèrè.

Bí kò bá tíì ṣiṣẹ́ lọ́la, ẹ fi ohun tí crontab -l sọ ránṣẹ́, pẹ̀lú ogún ìlà tó gbẹ̀yìn nínú afipamo.log, nọ́ńbà tí echo $? fún yín nínú ìdánwò env -i, àti ohun tó wà nínú /etc/os-release. Kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè dà kọ, kó má jẹ́ fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ti yọ ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò níbẹ̀.