Fún ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́lé sí Àkúrẹ́: ẹ sọ fáìlì ìnáwó yín di àwòṣe

Ẹ̀gbọ́n mi ní Calgary, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ẹsẹ̀ ire lẹ ó fi wọ̀ ọ́, ẹ ó sì gbé ibẹ̀ pẹ́. Ẹ ní fáìlì Excel oṣù tó kọjá lẹ máa ń ṣí, ẹ ó pa iye inú rẹ̀ rẹ́, ẹ ó wá fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín ní Alágbàká kó kọ ìnáwó tuntun sí i. Àkọsílẹ̀ oṣù Kẹjọ kò wá sí mọ́, torí Save lẹ tẹ̀ dípò Save As.

Ọ̀rọ̀ yín yé mi gan-an. Nígbà tí mo ń kọ́ ilé tèmi ní ọ̀nà Ìdànrè, báyìí náà ni owó irin tí àbúrò mi ti kọ sílẹ̀ ṣe pòórá. Mo bi í léèrè bí ẹni pé ó kówó jẹ. Ó dùn ún wọra, ó sì pẹ́ kí àárín wa tó gún padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ ṣe èyí lónìí.

Àwòṣe lẹ nílò, òun ni Excel ń pè ní Template. Bíi mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń yọ búlọ́ọ̀kù ni: búlọ́ọ̀kù ń jáde, mọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ń lò ó, ẹ̀dà tuntun ni Excel máa gbé fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ tún fáìlì náà ṣe. Ẹ pa iye àti déètì rẹ́, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan ibi tí ìṣirò wà, bíi =C5*D5. Ẹ fi òpó kan (column) nínú fáìlì náà sílẹ̀ fún bí wọ́n ṣe ń ta nǹkan: sìmẹ́ǹtì ní àpò 50 kg, iyanrìn ní ọkọ̀ típà, irin ní ọ̀pá tàbí tọ́ọ̀nù. Láìsí òpó yìí, "irin 12" lè jẹ́ ọ̀pá 12, ó sì lè jẹ́ irin 12 mm. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Iye náírà tí dọ́là Kánádà kan jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fowó ránṣẹ́, ojú kan ṣoṣo ni kó wà, kí ìṣirò yòókù máa tọ́ka sí i báyìí: $B$2. Òpó B, ìlà 2 nìyẹn; àmì $ ibẹ̀ kì í ṣe owó, òun ni kì í jẹ́ kí ìtọ́ka náà yí tí ẹ bá da ìṣirò kọ síbòmíràn.

Ẹ ṣọ́ déètì dáadáa. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà máa ka 3/4 sí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta; nílé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ni. Nínú Format Cells, ẹ yan èyí tó ń kọ orúkọ oṣù jáde, kí àṣìṣe lè hàn lójú ẹsẹ̀.

Ó kù ká tọ́jú rẹ̀. Ẹ tẹ File, Save As, kí ẹ yan Excel Template níbi Save as type. .xltx ló máa wà nídìí orúkọ rẹ̀. Excel fúnra rẹ̀ máa gbé e lọ sínú fódà Custom Office Templates, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Tí oṣù bá yí, File, New, Personal, ẹ ó rí i. Tó bá jẹ́ LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tó jọ Excel, lẹ ń lò, File, Templates, Save as Template ni tiyín.

Tó bá jẹ́ fóònù ni àbúrò yín ń lò, Google Sheets, tó jọ Excel àmọ́ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo fara mọ́. Ẹ gbé àwòṣe náà síbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní líǹkì lè wò ó, kì í ṣe kó lè tún un kọ. Ẹ da líǹkì náà kọ, kí ẹ pa edit àti gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e rẹ́, kí ẹ fi copy dípò, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, Google máa ní kó ṣe ẹ̀dà tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni ẹ̀dà náà máa wà o, nítorí náà, ẹ ní kó tẹ Share, kó fi ímeèlì yín sí i.

Tí ilé bá kan òrùlé, tí ẹ fẹ́ fi páànù àti pákó kún àwòṣe ti Excel, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú fódà, ẹ̀dà ni ìyẹn máa ṣí. Inú Excel ni kí ẹ ti tẹ File, Open, kí ẹ yan .xltx náà, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì tẹ Save.