Bí Àwọn Tó Ń Fowó Ṣèrànwọ́ Bá Lọ, Ta Ló Máa Sanwó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lé jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lọ pátápátá, àwọn olówó sì ti ṣèlérí owó ńlá. Ṣé owó yẹn á tó? Àti pé kí ló kan ilé ìwé níbẹ̀, ṣebí iṣẹ́ dókítà ni?

ÌDÁHÙN: Kò lè tó o. Níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí jẹjẹrẹ yìí ní Cartagena, ní Kòlóńbíà, lóṣù kẹta 2024, ìlérí tí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 mílíọ̀nù dọ́là, mi ò ní bú u, àmọ́ owó ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọdọọdún làwọn ọmọbìnrin míì ń tó ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà HPV, ìyẹn kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ yìí, torí náà ọdọọdún lowó ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba fúnra ẹ̀. Gavi, àjọ tó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè tí ò lówó lọ́wọ́ láti ra abẹ́rẹ́ àjẹsára, náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ máa ń dá sówó abẹ́rẹ́, bó bá ṣe ń lówó sí i ni ìpín tiẹ̀ ń pọ̀ sí i títí á fi dá a san. Ó tiẹ̀ ti dínwó díẹ̀, torí láti 2022 ni WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti gbà pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lè tó ọmọ ọdún 9 sí 14.

Ti ilé ìwé, ṣé ọmọ ọdún mẹ́wàá tára ẹ̀ le á dédé wá sí ọsíbítù ni? Ilé ìwé ló wà. Tí wọn ò bá sì ti bá tíṣà àtòbí sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí nọ́ọ̀sì tó dé ni àhesọ á ti gbòde pé abẹ́rẹ́ tí ò ní jẹ́ kọ́mọ bímọ ni, ó parí nìyẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn ìyá. Abẹ́rẹ́ kì í wo kòkòrò tó ti wọlé sára. WHO ní tó bá fi máa di 2030, kí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin ti gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó pé ọdún 15, kí ìdá 70 obìnrin ṣàyẹ̀wò kí wọ́n tó pé 35 àti kí wọ́n tó pé 45, kí ìdá 90 àwọn tí wọ́n bá rí nǹkan lára wọn sì gbàtọ́jú. Abẹ́rẹ́ làwọn olówó fẹ́ràn, ó dáa ní fọ́tò! Ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹ obìnrin wò, kí wọ́n sọ fún un pé nǹkan wà níbẹ̀, kí owó ìtọ́jú wá má sí, ìkà ni. Ẹni tó ní HIV ńkọ́, tí jẹjẹrẹ yìí lè mú ní ìlọ́po mẹ́fà ju ẹlòmíì lọ? Ibi tó ti ń gba oògùn ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n má wulẹ̀ kọ́ ilé míì.

Tẹ́ ẹ bá rí bọ́jẹ́ẹ̀tì ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ wá owó abẹ́rẹ́, ẹ wá ti àyẹ̀wò àti ìtọ́jú, kẹ́ ẹ wá béèrè bóyá wọ́n tú u sílẹ̀ lóòótọ́ àbí wọ́n kàn kọ ọ́ síbẹ̀ ni.