Kí ni ìtumọ̀ ìkọ̀wé Lárúbáwá tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ àwọn asásàlà tó kú sínú òkun?

Ìbéèrè tí ẹ bi wá ni pé: kí ló dé tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Lárúbáwá kan, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn asásàlà, kì í ya ojú ènìyàn, tó jẹ́ pé lẹ́tà ni wọ́n máa ń kọ, lẹ́tà ọ̀hún á sì lọ́ mọ́ra wọn débi pé ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá dáadáa kò ní lè kà á tán? Ìdáhùn mi ni pé àdúà ni lẹ́tà wọ̀nyẹn, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹbí ì bá ṣe ká ní ẹbí wà nítòsí nígbà tí wọ́n ń sin òkú.

Ẹ jẹ́ kí n fi Rachid Koraïchi ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ Àlgéríà tí wọ́n bí sí ìdílé Súfí (àwọn Mùsùlùmí tó ń tẹ̀lé ọ̀nà ìjìnlẹ̀ ẹ̀mí) ní Aïn Beïda lọ́dún 1947. Ó máa ń kọ lẹ́tà Lárúbáwá láti òsì sí ọ̀tún, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìwé nínú dígí, á fi nọ́ńbà àti àmì sáàárín wọn, á sì tò wọ́n sínú àwọn ilé onígun mẹ́rin. Ẹni tó bá ti rí ohun tí àwọn àlùfáà wa máa ń kọ sínú ìwé kí wọ́n tó fi awọ rán an ní tírà kò ní ṣàjèjì sí èyí: ẹni tó so tírà mọ́ra kì í kà á, síbẹ̀ ó gbà pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ti pẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 1981 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fín àwòrán sórí irin láti fi bá ewì Mahmoud Darwish rìn, akéwì Palẹ́sìtínì tí ìdílé rẹ̀ sá kúrò ní abúlé al-Birwa ní 1948 nígbà tó wà lọ́mọdé. Hassan Massoudy, ọmọ Ìráàkì tó ti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Faransé ní 1969, ló fi ọwọ́ kọ àwọn ewì náà, ó sì mọ ohun tó ń kọ. Lọ́dún 2021, Koraïchi ṣe àfihàn ní October Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó gbé àwọn ìkòkò ńlá aláwọ̀ búlúù àti funfun kalẹ̀, tí lẹ́tà kún ara wọn, ní ìrántí àwọn ìgò kéékèèké tí ìtàn sọ pé àwọn ará àtijọ́ máa ń gba omijé ọ̀fọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó dáhùn ìbéèrè yín jù lọ kò sí ní ilé àfihàn kankan. Ó wà ní Zarzis, ní gúúsù Tùnísíà, nítòsí ààlà Líbíà, níbi tí òkun ti máa ń gbé òkú àwọn tí ọkọ̀ ojú omi wọn dojú dé wá sí etíkun. Nígbà tí Koraïchi gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ obìnrin pé orí ààtàn ni wọ́n ń sin wọ́n sí, ó ra ilẹ̀, ó sì sọ ọ́ di itẹ́ òkú tó pè ní Ọgbà Áfíríkà, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Òkun yìí kan náà ti gbé arákùnrin tirẹ̀ lọ rí. Ó gbin igi ólífì márùn-ún fún òpó Ìsìláàmù márààrún, ó sì gbin àjàrà méjìlá fún àwọn àpọ́sítélì Jésù, nítorí ta ló lè sọ ẹ̀sìn tí olúkúlùkù àwọn tó wà níbẹ̀ ń ṣe? Ó gbé abọ́ amọ̀ sórí àwọn sàárè kí omi òjò lè dúró nínú wọn fún àwọn ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni omi tí ẹyẹ bá mu ṣe ń di sàráà fún òkú.

Ohun tí wọ́n kọ sára àwọn sàárè náà ló gbà mí lọ́kàn jù. Níbi tó yẹ kí orúkọ wà, ìwọ̀nba ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n kọ: obìnrin ni, aṣọ dúdú ló wọ̀, etíkun báyìí ni wọ́n ti rí i. Ọmọ ta ni? Oríkì wo la fẹ́ kì í? Ọ̀nà Líbíà yìí sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Mo mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí kan á rán wa létí hádíìsì Jábírì (ọ̀rọ̀ Ànábì tí Jábírì gbà wá), tó wà nínú àkójọ hádíìsì Tírímísí, tó ka kíkọ nǹkan sórí sàárè léèwọ̀. Hádíìsì náà wà lóòótọ́, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ohun tí a ó fi dá sàárè mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a fi ń ṣe fáàrí, ti Zarzis kò sì ju ìdánimọ̀ lásán lọ. Hádíìsì mìíràn ka ẹni tó kú sínú omi mọ́ àwọn ṣàhídì (ajẹ́rìíkú), irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ fún ààtàn. Bí ìyá kan láti Ẹ̀dó tàbí Ọ̀yọ́ bá ń wá ọmọ rẹ̀ títí dé ibẹ̀, àwọ̀ aṣọ àti orúkọ etíkun tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn lè jẹ́ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.