Òòyì Ojú Oorun, Etí Tó Dí Lójijì: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Ọ̀rọ̀ Etí

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lóṣù yìí nínú èyí tí ẹ kọ nípa etí. Orúkọ oògùn ni ọ̀pọ̀ yín ń béèrè. A óò sọ̀rọ̀ oògùn níbi tó bá ti yẹ, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni yóò máa ṣáájú, nítorí pé oògùn tó wúlò fún òòyì kan lè má ṣe nǹkan kan fún òmíràn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Aláṣọ ni mí, mo sì ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Láti bí oṣù kan sẹ́yìn, bí mo bá ti yí sí ọwọ́ ọ̀tún lórí bẹ́ẹ̀dì, ńṣe ni gbogbo yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí n óò di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Kì í pẹ́ tó fi ń lọ, àmọ́ ó tún máa ń ṣe mí bí mo bá gbójú sókè láti mú aṣọ lórí pẹpẹ. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní kò ga. Mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń lo oògùn òòyì tí oníkẹ́míìsì kan tà fún mi. Àwọn ọmọ mi ti ń sọ pé ká lọ sílé àdúrà. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Aláṣọ, Òṣogbo

Mà, ohun tí dókítà etí máa ń kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe bí òòyì ti le tó, bí kò ṣe bó ti ń pẹ́ tó kó tó lọ, àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó dé. Ẹ ti dáhùn méjèèjì nínú lẹ́tà yín, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀ bí mo ti ń kà á. Òòyì tí kò tó ìṣẹ́jú kan, tó jẹ́ pé yíyí lórí bẹ́ẹ̀dì, gbígbójú sókè tàbí bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń fà á, inú etí ló ti sábà máa ń wá. Èyí tó ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú títí dé wákàtí 12, tí etí kan á máa hó, tí yóò wúwo, tí ìgbọ́ràn rẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni: àrùn tí a fi orúkọ Prosper Ménière pè ni, dókítà ará Faransé tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1861. Èyí tó bá ń yí ènìyàn fún odindi ọjọ́ méjì mẹ́ta láìdáwọ́ dúró sábà máa ń jẹ́ iṣan etí tó wú, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀fìnkìn. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí ènìyàn bá dìde dúró nìkan ni ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ ni ká wò, pàápàá lára ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní inú etí lọ́hùn-ún, nítòsí ibi tí a fi ń gbọ́ràn, ihò tóóró mẹ́ta tó ká roboto wà níbẹ̀ tí omi kún, àwọn ló ń sọ fún ọpọlọ pé orí ti yí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àpò kékeré kan wà tí òkúta wínníwínní, èyí tí ojú lásán kò lè rí, lẹ̀ mọ́. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, tàbí bí ènìyàn bá forí gbá nǹkan, díẹ̀ nínú òkúta yìí lè já bọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò náà. Nígbà náà, bí ẹ bá ti yí orí, òkúta á máa rọra yí lọ nínú omi bí iyanrìn ìsàlẹ̀ ìkòkò tí a tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí á sì máa sọ fún ọpọlọ pé orí ṣì ń yí nígbà tó ti dúró. Ojú ní tirẹ̀ ń jẹ́rìí pé ẹ kò mira. Ibi tí ẹ̀rí àwọn méjèèjì kò ti dọ́gba ni òòyì ti ń wá.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ kankan. Margaret Dix àti Charles Hallpike ló ṣàlàyé rẹ̀ ní London ní 1952, bẹ́ẹ̀dì àti ojú dókítà nìkan ló sì gbà. Wọ́n á ní kí ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ na ẹsẹ̀, wọ́n á yí orí yín sí apá ọ̀tún, wọ́n á kìlọ̀ pé kí ẹ má pa ojú dé, wọ́n á wá yára dá yín dùbúlẹ̀ títí orí yín yóò fi rọ̀ díẹ̀ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹyinjú yín ni wọ́n ń wò. Bó bá jẹ́ òkúta yìí ló wà níbẹ̀, kò ní sí nǹkan kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹyinjú á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ já bọ̀, tí yóò máa yí bó ti ń já, tí yóò sì rọlẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú kan. Kò dùn mọ́ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Ẹlòmíràn á pariwo, ẹlòmíràn á bì. Ẹ má jẹun yó lọ síbẹ̀, bí ọrùn bá sì ń dùn yín, ẹ tètè sọ.

Láti orí ìdùbúlẹ̀ yẹn náà ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi orí yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí òòyì yóò fi lọ, wọ́n á yí i sí òsì, wọ́n á dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, wọ́n á ní kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ kí imú yín kọjú sílẹ̀, wọ́n á tún dúró, kí wọ́n tó gbé yín jókòó. Bí orí ti ń yí ni òkúta ń yí padà lọ sínú àpò tó ti já. John Epley, dókítà etí ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1992 ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ jáde. Nǹkan bí ènìyàn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni ara wọn ń yá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ó lè padà wá lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, ohun kan náà ni wọ́n á sì tún ṣe.

Kò sí oògùn tó lè ti òkúta yìí padà sáyè rẹ̀. Oògùn òòyì tí ẹ ń lò ń mú ènìyàn tòògbé, bó bá sì pẹ́ lára, ó lè múni ṣubú. Egungun ìbàdí ẹni ọgọ́ta ọdún kò ṣeé fi ta tẹ́tẹ́. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ óò ṣe dá a dúró. Ní ti ilé àdúrà, èmi kò ní kí ẹ má lọ, kí wọ́n ṣáà má fún yín ní ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí òòyì ebi má baà lọ dà pọ̀ mọ́ ti etí.

Òòyì kan wà tí kò yẹ kó dúró de dókítà etí rárá: èyí tó bá bá ẹnu wíwọ́ dé, tàbí ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí kò lágbára mọ́, ohun kan tí ẹ ń rí bíi méjì, tàbí àìlèdìde rìn. Ìyẹn lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì sì ni kí wọ́n gbé yín lọ ní wákàtí yẹn.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo jí ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, etí òsì mi ti dí pátápátá, ó sì ń hó. Kò dùn mí. Ọ̀rẹ́ mi ní ìdọ̀tí ni, ó ní kí n da àdí gbígbóná sí i. Ǹjẹ́ ó tó ohun tí à ń gbé lọ sílé ìwòsàn? — Bàbá kan, Abẹ́òkúta

A ti fi èsì ránṣẹ́ sí bàbá yìí kí ìwé ìròyìn yìí tó jáde, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi dúró. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí ẹlòmíràn.

Ó tó, bàbá, kódà ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má da nǹkan kan sí i. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ sì kùn gbọọrọ nínú ọ̀fun. Bí ìkùn náà bá dún sí etí tó dí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan ló dí ojú ọ̀nà lóòótọ́, ìdọ̀tí tàbí omi. Bó bá dún sí etí tó dá, iṣan ìgbọ́ràn ni ká fura sí. Dókítà á fi irin ẹlẹ́ka méjì tó ń dún wò ó bákan náà, á fi iná yẹ ihò etí wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú yín wọ yàrá tí ariwo kò wọ̀ láti fi ẹ̀rọ wọn ìgbọ́ràn yín. Bí ìgbọ́ràn bá lọ sílẹ̀ tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 30 (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ti ròkè tó) ní ìpele ohùn mẹ́ta tó tẹ̀ léra, láàárín wákàtí 72, àìsàn pàjáwìrì ni a kà á sí. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì ni a ń lò fún un, tí a ń gbé mì tàbí tí a ń gún gba inú awọ ìlù etí, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù lọ bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ sọ, nítorí oògùn yìí ń gbé ṣúgà sókè. Wọ́n tún lè ní kí ẹ ya àwòrán orí, láti rí i dájú pé kókó kankan kò hù sára iṣan náà. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, gbogbo wọn ló ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ibà pọ́njú ṣe é lẹ́yìn ìkómọ, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Báyìí, bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kì í yíjú, ilẹ̀kùn á sì gbá gbàà kó má jí. Ìyá ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. — Màmá ọmọ, Ṣàgámù

Ìyá àgbà kò parọ́, ṣùgbọ́n sísọ ọ̀rọ̀ ló ń wí. Gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ni à ń wá. Ọmọ tó ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ṣì ń yíjú sí orúkọ rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí kò yíjú ti tó gbé lọ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí. Ìlànà tí à ń tẹ̀ lé ni pé kí a yẹ etí ọmọ wò kó tó pé oṣù kan, kí a mọ ohun tó ṣe é kó tó pé mẹ́ta, kí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ kó tó pé mẹ́fà.

Kí ẹ tó jókòó níbẹ̀ ni kí ẹ ti sọ pé ibà pọ́njú ṣe ọmọ náà àti pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á fi ohun kékeré kan dí ihò etí ọmọ, ẹ̀rọ náà á sì tẹ́tí sí ohùn tín-ín-rín tí etí fúnra rẹ̀ ń dá padà. Nínú ti èkejì, tí à ń pè ní ABR, wọ́n á lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ nígbà tó bá ń sùn, láti mọ̀ bóyá ohùn ń dé ọpọlọ. Ibà pọ́njú tó pọ̀ jù sábà máa ń ba iṣan àti ọ̀nà inú ọpọlọ jẹ́, kí etí fúnra rẹ̀ sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè yege nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kí wọ́n ní kí ẹ máa gbé e lọ sílé, kó sì jẹ́ pé kò gbọ́ nǹkan kan. ABR ni kí ẹ béèrè fún.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi ẹ̀rọ àfigbọ́ràn dán an wò. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fi sínú etí wà, owó rẹ̀ ló pọ̀. Ohun yòówù kí ẹ yàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ èdè ọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀ kíákíá. Kì í dí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́, bí àwọn kan ti ń bẹ̀rù. Káfúrà tí ẹ bá ní láàárín aṣọ ọmọ, ẹ kó o dànù kí ọmọ mìíràn tó dé: èròjà ẹ̀jẹ̀ kan tí à ń pè ní G6PD kò tó lára ọ̀pọ̀ ọmọ wa, àwọn ọkùnrin pàápàá, òórùn káfúrà sì ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú wọn, ibà pọ́njú á sì le sí i.

Mo ń fi ẹ̀rọ lọ ata lọ́jà. Lálẹ́, etí mi méjèèjì á máa hó. Ẹ bá mi sọ oògùn rẹ̀. — Ẹlẹ́rọ, Ìbàdàn

Kò sí oògùn tó ń tún irun kéékèèké inú etí hù lẹ́yìn tí ariwo bá ti pa á. Ohun tó kù ni kí ẹ dáàbò bo èyí tó ṣẹ́ kù. Ariwo dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Tó bá di 88, wákàtí 4 ni. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí oníbàárà tó dúró tì yín tó gbọ́ yín, ẹ ti kọjá 85. Òwú lásán kò tó. Ẹ ra ìbotí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá máa ń lò, ẹ má sì ṣí i bí ẹ̀rọ bá ń lọ. Bí ẹ bá ń lo kuníìnì tàbí asipirín déédéé, ẹ sọ fún dókítà, wọ́n máa ń mú etí hó. Ẹ lọ wọn ìgbọ́ràn yín pẹ̀lú, ìpele ohùn 4,000 Hz sì ni kí wọ́n fojú sí jù, nítorí ibẹ̀ ni ariwo ti sábà ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ló dára jù, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ: etí gbọ́dọ̀ sinmi kúrò nínú ariwo fún wákàtí 14 ó kéré tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, èsì tí wọ́n máa kọ á burú ju bí etí yín ti rí gan-an lọ.