Ìkìlọ̀ dún, àmọ́ ta ló gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Adití ni mí, èmi nìkan ni mò ń dá gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá áláàmù iná ké lóru, gbogbo ará ilé ti wà níta kẹ́nì kan tó rántí pé èmi ṣì ń sùn lókè. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìkòkò tó jóná lásán ni. Wọ́n wá ní kí n máa ki fóònù bọ abẹ́ pílò, pé tó bá ti ń gbọ̀n màá jí. Ṣé ìyẹn tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o. Rárá, kò tó. Gbígbọ̀n fóònù ò lágbára, ẹni tó sun oorun àsùnwọra á rò pé àlá lòun ń lá, tàbí kí fóònù ọ̀hún yọ̀ bọ́ sílẹ̀ láàárín òru, ó parí nìyẹn. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ pílò tàbí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, áláàmù bá ti ké báyìí á máa mì yín jìgìjìgì, wọ́n tún lè so iná tó ń ṣẹ́jú mọ́ ọn. Àmọ́ kẹ́ ẹ rí i pé áláàmù iná gan-an ni wọ́n so ó mọ́ o, torí mo mọ ẹnì kan tó ra tiẹ̀ tán tó wá ń fi jí lọ síbi iṣẹ́. Kí iná yẹn má sì ṣẹ́jú ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè gbé wárápá dìde lára ẹni tó bá ní in. Fún àwọn tí etí wọn ṣì ń gbọ́ díẹ̀, áláàmù tóhùn ẹ̀ nípọn, ti 520 hertz, ló ń jí wọn, kì í ṣe èyí tó ń han gooro yẹn.

Fóònù náà níṣẹ́ tiẹ̀ ṣá. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìkìlọ̀ ìjì tàbí omíyalé kì í wá bíi tẹ́ẹ̀sì, máàsì, ìyẹn òpó nẹ́tíwọọ̀kì, ló ń tú u jáde sí gbogbo fóònù tó wà láyìíká ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò wá nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, ó sì ń dé kódà tí nẹ́tíwọọ̀kì bá dí tí ìpè ò wọlé. Ẹ wọ sẹ́tíńgì kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọn ò tíì pa á.

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé wa. Fọ́tò tó rẹwà la fi ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn, àmọ́ obìnrin kan tí kò ríran ní òun ò mọ nǹkan tá à ń sọ. A tún fẹ́ ṣe fídíò, àbúrò mi gbọ́ èdè àwọn adití díẹ̀.

Ìdáhùn: Fọ́tò yẹn gan-an ni wàhálà ọ̀hún. Fóònù ẹ̀ ló ń ka nǹkan sí i létí, tó bá dé orí fọ́tò, lọ́pọ̀ ìgbà "àwòrán" ló máa wí, ó ti kọjá lọ nìyẹn, tòun ti àwọ̀ pupa àti lógò tẹ́ ẹ fi dárà sí i. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀: "Iná ń jó ní àjà kejì. Ẹ jáde báyìí. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn." Ó tán, kò nílò kó gùn. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà 90 péré ni ìkìlọ̀ orí fóònù ń gbà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2012, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 360 ní 2019.

Ti àbúrò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ní 2017, nígbà tí ìjì Irma ń bọ̀ ní Florida, ẹni tí kì í ṣe ògbufọ̀ ni wọ́n gbé síwájú kámẹ́rà, làwọn adití bá ń rí "píìsà" àti "abàmì ẹranko" lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ wá ògbufọ̀ tó kọ́ṣẹ́.

Ẹ ò béèrè, àmọ́ lífítì kì í ṣeé wọ̀ tíná bá ń jó. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lókè ńkọ́? Ẹ bi òun fúnra ẹ̀ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n gbé òun, àti ta ló fẹ́ kó gbé òun, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni yẹn sílẹ̀. Mẹ́séèjì tuntun yẹn náà, obìnrin tí ò ríran yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí, kí fóònù ẹ̀ kà á kẹ́ ẹ tó fi sí gbogbo ilé.